Osùn Lẹ́nu Ọmọ Tuntun

Ní ìlú Ìdí-Obì láyé àtijọ́, obìnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lálónpé. Osùn ni ó ń lọ̀ tà. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé ìyàwó, bí abiyamọ bá sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń sáré wá, nítorí osùn tirẹ̀ kúnná, ó pọ́n dáadáa, kò sì sí ẹni tó rí yanrìn nínú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n osùn nìkan kọ́ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ìmọ́tótó rẹ̀ lókìkí, ẹnu rẹ̀ náà sì lókìkí. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni ó ń gbálẹ̀, bí ewé kan bá sì já bọ́ lẹ́yìn tí ó gbálẹ̀ tán, a máa bá igi jà. Àwọn obìnrin ilé a máa sọ lábẹ́lẹ̀ pé bí Lálónpé bá dé ọ̀run, ìgbálẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn.

Àkànmú ni ọkọ rẹ̀, obì ni ó ń rà kiri láti ìlú dé ìlú. Nínú agboolé kan náà ni Látóòsà, àbúrò Àkànmú, ń gbé pẹ̀lú Àwẹ̀ró aya rẹ̀, ẹni tí ń se ẹ̀kọ tà. Ìyá Àgbà, tí ó bí àwọn ọkùnrin méjèèjì, wà ní yàrá tó wà láàárín. Lálónpé àti Àwẹ̀ró kì í ṣe ọ̀tá ara wọn, a kò sì lè pè wọ́n ní ọ̀rẹ́. Oníwà tútù ni Àwẹ̀ró. Àràárọ̀ ni ó ń kúnlẹ̀ kí Lálónpé, Lálónpé a sì máa dáhùn bí ẹni tó ń ṣe é lóore.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dun Lálónpé láyé. Pẹ̀lẹ́wúrà, ọmọ kan tó bí, ti lo ọdún méje nílé ọkọ láìgbọ́ igbe ọmọ. Nígbà tí ọdún kẹjọ mú oyún wá, inú Lálónpé dùn débi pé odidi ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá ẹnikẹ́ni jà. Bí àṣà wọn ti rí fún àkọ́bí, Pẹ̀lẹ́wúrà padà wá sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ láti bímọ. Lálónpé ti ra kàn-ìn-kàn-ìn tuntun, ó ti tọ́jú ọṣẹ dúdú, ó tilẹ̀ ti yan ibi tí yóò na ẹsẹ̀ sí nígbà tí ó bá ń wẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀.

"Kò sí ẹlòmíràn tí yóò wẹ ọmọ yìí," ni ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá yà kí i. "Bí ọba bá ní òun fẹ́ wẹ̀ ẹ́, n ó lé ọba jáde."

Ọdún náà gan-an ni àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní àwọn ìlú ìsàlẹ̀ odò. Ẹni tó jí láàárọ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, kí oòrùn tó wọ̀, ìgbẹ́ gbuuru àti èébì á ti fa gbogbo omi ara rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ á ti jìn wọnú. Wọ́n ní àwọn ilé kan wà níbẹ̀ tí kò ku ẹni tí yóò dá iná. Baálẹ̀ Ìdí-Obì nígbà náà ni Ọláníhún, ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Ó pe àwọn olórí ilé, ó sì fi òfin lélẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe àsè. Kí àlejò má wọ̀lú. Ilé tí aláìsàn bá wà, kí ẹnìkan ṣoṣo máa tọ́jú rẹ̀. Kí wọ́n gbé ìkòkò omi àti ahá sí ẹnu ọ̀nà agboolé kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan oúnjẹ láìwẹ ọwọ́.

"Èmi kò ní ẹ̀ṣọ́ tí yóò dúró ti ìkòkò yín," ni Baálẹ̀ wí fún wọn. "Kí olúkúlùkù máa ṣọ́ ara rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe é nítorí ìbẹ̀rù mi, kò tíì ṣe é."

Wọ́n gbọ́ràn. Àní ọkọ Pẹ̀lẹ́wúrà, Akínkúnmi, tí ilé rẹ̀ wà ní òdì kejì odò, kò jẹ́ rú òfin náà. Ojoojúmọ́ ni yóò wá dúró sí etí odò lọ́hùn-ún, yóò fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu, yóò sì ké pé, "Ṣé ó ti bí?" Ẹnikẹ́ni tó bá ń pọnmi níhìn-ín á dá a lóhùn pé, "Kò tíì bí o!" Yóò júwọ́, yóò padà sílé. Ó di ohun tí àwọn èèyàn fi ń pa ara wọn lẹ́rìn-ín ní àkókò tí ẹ̀rín wọ́n.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a sọ bí wọ́n ṣe ń wẹ ọwọ́ ní Ìdí-Obì. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń jẹun, òun ni wọ́n fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ti ìdọ̀tí ni ọwọ́ òsì. Òun ni wọ́n fi ń nùdí, òun ni wọ́n fi ń kó ìgbẹ́ ọmọ, a kì í sì í fi í júwe ilé baba ẹni. Nítorí náà, bí oúnjẹ bá dé, òsì á mú ahá, á da omi sí ọ̀tún, àwọn ìka ọ̀tún á fi ara wọn ra ara wọn, ó parí. Kí ni èèyàn fẹ́ wẹ òsì fún, nígbà tí wọn kò pè é síbi oúnjẹ? Bí baba ńlá wọn ti ń ṣe é nìyẹn, kò sì sí ẹni tó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí òsì ń ṣe nígbà tí ọ̀tún bá ń jẹun.

Kí òfin Baálẹ̀ tó jáde ni Àkànmú ti dé láti ìsàlẹ̀ odò pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ obì méjì. Ní ọjọ́ kejì tó dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru. Lálónpé ni ẹnìkan ṣoṣo tó ń tọ́jú rẹ̀, kò sì fi ṣeré. Ohun tí kò mọ́, ọwọ́ òsì ni ó fi ń kó o dànù. Omi oníyọ̀ àti oúnjẹ, ọwọ́ ọ̀tún ni ó fi ń fún un. Ìgbàkígbà tó bá ti yàrá náà jáde, ìdí ìkòkò omi ni yóò kọ́kọ́ yà sí, yóò wẹ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bí ẹni ń fọ àwo ọba. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, Àkànmú dìde jókòó, ó ní òun fẹ́ jẹ iyán. Lálónpé dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì dúpẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀ náà.

Inú ìdùnnú yìí ni wọ́n wà tí Ìyá Àgbà dùbúlẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, Látóòsà tẹ̀ lé e.

Gbogbo agboolé dàrú. Ta ló gbé àrùn lọ bá Ìyá Àgbà nínú yàrá, ẹni tí kì í jáde? Ta ló gbé e lọ bá Látóòsà? Lálónpé kò jẹ́ kí ìbéèrè náà pẹ́ nílẹ̀.

"Ẹ̀kọ Àwẹ̀ró ni," ó wí. "Ẹ wo ewé tó fi ń dì í. Ẹ wo ìdí ìkòkò rẹ̀. Ẹni tí kì í gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kí ló kù tí kò lè gbé wọlé?"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé ṣà jọ mọ́. Ní ọjọ́ kejì, ẹni mẹ́ta péré ló wá ra ẹ̀kọ. Ní ọjọ́ kẹta, ẹnìkan kò yà. Àwẹ̀ró gbé igbá ẹ̀kọ rẹ̀ kalẹ̀ títí ó fi kan, ó sì dà á fún ewúrẹ́. Ó wá bá Lálónpé nídìí ọlọ, ó kúnlẹ̀.

"Ìyáálé mi, ẹ jọ̀ọ́, orí iná ni ẹ̀kọ mi ti ń wá. Ó ń hó yaya kí n tó dì í. Ibo ni àrùn fẹ́ gbà wọ inú rẹ̀?"

"Bi ìkòkò rẹ, má bi mí."

"Ọkọ mi ló wà lórí ẹní yẹn. Ṣé èmi ni n ó fi ọwọ́ ara mi pa ọkọ mi?"

"N kò sọ pé o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é." Lálónpé kò gbé ojú kúrò lórí ọlọ. "Ọ̀bùn kì í mọ̀ pé òun ń ṣọ̀bùn. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi o, ìyàwó. Pẹ̀lẹ́wúrà máa tó bímọ. Bí ọmọ yẹn bá dé, má ṣe tẹ ẹnu ọ̀nà mi."

Àwẹ̀ró dìde. Omi ti lé sí i lójú, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ó dà níwájú ẹni tó bú u. Ọ̀rọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ Lálónpé fúnra rẹ̀ nígbà tó ti sọ ọ́ tán. Ó sọ fún ọkàn rẹ̀ pé ọdún mẹ́jọ ni òun ti ń dúró de ọmọ yìí, òun kò sì lè máa wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Àwẹ̀ró padà sídìí ọkọ rẹ̀ àti ìyá ọkọ rẹ̀. Ẹ̀kọ tí ẹnìkan kò fẹ́ rà yẹn náà ni ó ń po ní gbígbóná pẹ̀lú omi àti iyọ̀ díẹ̀, tí ó ń bù fún wọn díẹ̀díẹ̀ tọ̀sán tòru. Ọlọ́run bá a ṣe é, àwọn méjèèjì gbádùn. Ìyá Àgbà rù kù egungun, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò rù. Ó ní òun dé ẹnu ibodè ọ̀run, ó kún fọ́fọ́, wọ́n ní kí òun padà lọ dúró de àyè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni Pẹ̀lẹ́wúrà bímọ obìnrin, ọmọ náà sì ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn adìẹ fi fò kúrò lórí ògiri. Nígbà tí Akínkúnmi dé etí odò tó sì béèrè bí ìṣe rẹ̀, ohùn tó dá a lóhùn tó ogún. "Ó ti bí o! Obìnrin ni! Tìyá tọmọ!" Ọkùnrin náà kò mọ ohun tí yóò ṣe. Ó jó fún ara rẹ̀ lórí yanrìn, kò sí ìlù, kò sí orin, àwọn tó wà ní òdì kejì sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ó nu ojú, ó padà sílé láìtíì rí ọmọ rẹ̀, nítorí òfin ṣì wà.

Lálónpé ń wẹ ọmọ, ó ń fi osùn pa á, ó ń kì í ní Àpèkẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wo ọmọ, láti ìta ni yóò ti wò ó. Ní ti Àwẹ̀ró, kò tilẹ̀ wo apá ibẹ̀. Láti iwájú ilé tirẹ̀ ni ó ti ń gbọ́ igbe ọmọ.

Ọjọ́ karùn-ún tí ọmọ dáyé, Lálónpé jókòó síwájú ilé láàárọ̀, ó ń lọ osùn. Ọwọ́ méjèèjì ni ó fi di ọmọ ọlọ mú, osùn tútù ti kùn ún dé ọrùn ọwọ́, ó sì ń kọrin lábẹ́nu. Àfi bí ọmọ ṣe figbe ta nínú yàrá.

"Ìyá, ebi kọ́ lèyí o," Pẹ̀lẹ́wúrà pè é. "Mo fún un lọ́mú, kò gbà á. Inú ló ń run ún."

"Gbé e mọ́ra. Àgbo wà nínú ìkòkò kékeré, mò ń bọ̀ wá rọ ọ́."

Ó yà sídìí ìkòkò omi. Àwẹ̀ró wà ní òdì kejì, ó ń ṣa àgbàdo. Lálónpé fi òsì mú ahá, ó da omi sí ọ̀tún, ó wẹ̀ ẹ́, ó tún un wẹ̀, ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, títí osùn fi kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Ó mọ̀ pé ẹnìkan ń gbọ́ òun.

"Bí a ṣe ń wẹ ọwọ́ nìyí," ó wí, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. "Kí ẹni tó bá lójú fi wò ó."

Àwẹ̀ró tẹ orí ba àgbàdo rẹ̀.

Lálónpé wọlé, ó ṣí ìkòkò, ó bu àgbo sínú igbá, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó sì tẹ́ ọmọ sórí itan. Ẹ mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń rọ ọmọ. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń ká kòtò sí ètè ọmọ bí ẹni ṣe àwo, ọ̀tún á máa da àgbo sínú àtẹ́lẹwọ́ òsì, ọmọ á sì máa gbé e mì níbẹ̀, ó fẹ́, ó kọ̀. Yàrá náà ṣókùnkùn díẹ̀, ọwọ́ Lálónpé sì ti mọ iṣẹ́ yìí ju kí ó máa wò ó lọ. Ọmọ mu, ó húkọ́, ó dákẹ́. Lálónpé gbé e fún ìyá rẹ̀. Pẹ̀lẹ́wúrà gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i.

"Yéè!" Igbe tó ké kì í ṣe kékeré. "Ẹ̀jẹ̀! Ìyá, ẹ gbà mí, ọmọ mi ń pọ ẹ̀jẹ̀!"

Lálónpé fò dìde. Ó rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Ètè ọmọ pọ́n, àgbọ̀n rẹ̀ pọ́n, pupa náà ń ṣàn lọ sí àyà rẹ̀. Ó di ògiri mú. "Ọdún mẹ́jọ," ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Kò tíì bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti dáyé.

Àwẹ̀ró ti da àgbàdo nù. Kò rántí pé wọ́n ti ka ẹnu ọ̀nà yẹn léèwọ̀ fún un, ó fò ó kọjá. Ó fa etí aṣọ rẹ̀, ó rẹ ẹ́ sínú omi, ó nu ẹnu ọmọ jẹ́jẹ́, ó fi ìka la ètè rẹ̀ wò. Ọmọ yán. Inú ẹnu mọ́ tónítóní. Àwẹ̀ró gbé etí aṣọ náà sí imú.

"Osùn ni," ó wí.

"Osùn?"

"Osùn lásán ni, Pẹ̀lẹ́wúrà. Fi ọkàn balẹ̀. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan lára ọmọ rẹ."

Pẹ̀lẹ́wúrà bú sí ẹkún, ẹkún náà sì di ẹ̀rín. Lálónpé rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ, ó ń fi ọwọ́ lu itan. Láti yàrá àárín ni Ìyá Àgbà ti sọ̀rọ̀ jáde. "Kí ló dé? Àrùn pa mí tì, ẹ wá fẹ́ fi igbe parí rẹ̀?" Èyí tún mú wọn rẹ́rìn-ín sí i.

Ẹ̀rín kò tíì tán tí Pẹ̀lẹ́wúrà fi sọ pé, "Ṣùgbọ́n Ìyá, ẹ wẹ ọwọ́. Mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń wẹ̀ ẹ́."

"Mo wẹ̀ ẹ́!" Lálónpé na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè. Ó mọ́ bí ọwọ́ olójúkòkòrò tó jẹ àjẹlá. "Wò ó! Bíńtín osùn kò sí níbẹ̀."

Àwẹ̀ró ń wo igbá àgbo. Ojú ìka pupa mẹ́rin wà lára rẹ̀. Ó wo ọmọrí ìkòkò, ó pọ́n. Ó wo òpó ẹnu ọ̀nà, ibi tí èèyàn máa ń fọwọ́ tì bó bá ń wọlé, òun náà pọ́n. Ojú Lálónpé ń tẹ̀ lé ojú rẹ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn, títí ó fi dé ìta, sára ahá tó wà lórí ìkòkò omi, èyí tí gbogbo agboolé ń dì mú. Ìdí ahá náà pọ́n rokoṣo. Nígbà náà ni Lálónpé rọra yí àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ó sì wò ó.

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Kì í ṣe osùn ni ó ń rò mọ́. Yàrá tí Àkànmú dùbúlẹ̀ sí ni ọkàn rẹ̀ padà sí. Ọwọ́ wo ni ó fi kó ohun tí kò mọ́ jáde níbẹ̀? Ọwọ́ wo ni ó fi mú ahá lẹ́yìn náà? Ọwọ́ méjèèjì ni ó fi gbé oúnjẹ fún Ìyá Àgbà láràárọ̀, nítorí kò sí ẹni tó ń fi ọwọ́ kan gbé oúnjẹ fún ìyá ọkọ. Nígbà tí Látóòsà wá béèrè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, òun ló bu omi fún un mu. Òsì ló ṣí ìkòkò, òsì ló di igbá mú, ọ̀tún tó mọ́ ló wá gbé e fún un. Osùn pupa ni gbogbo wọn rí lónìí. Èyí tí ó ti lọ ṣáájú kò ní àwọ̀.

Ẹlòmíràn kò ronú dé ibẹ̀. Pẹ̀lẹ́wúrà ti ń fún ọmọ lọ́mú, Àwẹ̀ró ti ń yọ́ ẹsẹ̀ padà sí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n kà léèwọ̀ fún un. Bí Lálónpé bá fi aṣọ nu ọwọ́ kí ó sì pa ẹ̀rín sí i, ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ á sì wà bó ṣe wà. Ẹnu rẹ̀ wúwo. Ṣùgbọ́n ó wo ọmọ tó ń mu ọmú, ó sì rí i pé bí òun bá dákẹ́, ọwọ́ yìí kan náà ni yóò padà sẹ́nu rẹ̀ lọ́la.

"Àwẹ̀ró, dúró."

Ó fẹ́ kúnlẹ̀. Àwẹ̀ró sáré gbá a mú ní ìgbọ̀nwọ́. "Háà, ìyáálé mi, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Ṣé ẹ fẹ́ gégùn-ún fún mi ni?"

"Jẹ́ kí n sọ ọ́. Èmi ni." Ó gbé ohùn sókè kí ó lè dé yàrá àárín. "Èmi ni mo gbé àrùn lọ bá Ìyá. Èmi ni mo gbé e lọ bá ọkọ rẹ. Ọwọ́ tí mo fi kó ìgbẹ́ Àkànmú ni mo fi ṣí ìkòkò omi gbogbo wa, torí pé mo wẹ ọ̀kan, mo fi ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ̀kọ rẹ kò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Mo bà ọ́ lórúkọ jẹ́ lórí ohun tí ọwọ́ ara mi ṣe."

Omi tí Àwẹ̀ró kò jẹ́ kó dà níjọ́sí ló ń dà lójú rẹ̀ báyìí.

Ìyá Àgbà húkọ́. "Mo ti gbọ́," ó wí láti inú yàrá. "Èmi ò kú, Látóòsà ò kú. Ẹkún ò ran ọwọ́. Ẹ lọ wẹ ọ̀hún."

Wọ́n jọ lọ sídìí ìkòkò. Lálónpé fi ọ̀tún mú ahá, ó da omi sí òsì. Ìka òsì fi ara wọn ra ara wọn, ṣùgbọ́n osùn kò kúrò nínú ilà àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀tún tó ti mọ́ sì ti pọ́n lára ìdí ahá, ó gba ahá sí òsì kí ó lè tún ọ̀tún wẹ̀, òsì tún fi osùn kun ahá. Ó tún un ṣe, bákan náà ni. Ó wá dúró, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí wọn.

"Ẹ gbé ahá sílẹ̀, ìyáálé mi," Àwẹ̀ró wí. Ó lọ bu omi gbígbóná láti inú ìkòkò ẹ̀kọ rẹ̀, ó fọ ahá náà tinú tẹ̀yìn, ó mú ọṣẹ dúdú dání. "Ẹ kó méjèèjì wá. Èmi ni n ó máa dà á."

Ó ń da omi, Lálónpé ń wẹ̀. Ọ̀tún ń ra òsì, òsì ń ra ọ̀tún, ọṣẹ ń hó láàárín wọn. Omi tó ń ṣàn sílẹ̀ pọ́n, ó di pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó wá mọ́ gaara. "Ó kù díẹ̀ láàárín ìka," Àwẹ̀ró ń sọ. "Ó kù sábẹ́ èékánná." Lálónpé, ẹni tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ òun ní ìmọ́tótó, ń gbọ́ràn bí ìyàwó tuntun. Nígbà tó parí, ó gba ahá náà.

"Ó yá, mú tìrẹ wá."

"Tèmi kò ní osùn o."

"Osùn kọ́ là ń wẹ̀," Lálónpé wí. Ó da omi fún ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ títí ọwọ́ tirẹ̀ náà fi mọ́.

Lọ́jọ́ yẹn náà ni Lálónpé lọ dúró sí ìta ọgbà Baálẹ̀, ó sì ro ẹjọ́ ara rẹ̀ láìku ẹyọ kan. Baálẹ̀ Ọláníhún gbọ́ ọ títí, ó sì wo ọwọ́ òsì tirẹ̀. Ó wá ní kí Lálónpé bu osùn fún agboolé kọ̀ọ̀kan. Kí gbogbo àgbàlagbà fi osùn ra òsì láàárọ̀ ọ̀la, kí wọ́n wẹ ọ̀tún bí wọ́n ṣe máa ń wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n ṣe iṣẹ́ wọn di ọ̀sán, kí wọ́n wá wo ilé wọn.

Ọ̀sán kò tíì pọ́n tí ẹ̀rín fi gba ìlú. Wọ́n rí osùn lára ìkòkò omi, lára ìkòkò ọbẹ̀, létí igbá àti lórí ẹní. Olóyè Ògúnṣínà, tó ti búra pé òsì òun kì í kan nǹkankan, osùn wà ní irùngbọ̀n rẹ̀, ó wà lára àpò áásáà rẹ̀, ó sì wà lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀ kékeré. Ẹnìkan kò bi í bó ṣe débẹ̀. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ tó fi di ìdákẹ́jẹ́, nítorí olúkúlùkù ń ronú ohun mìíràn tí ọwọ́ òun ti gbé kiri ṣáájú osùn.

Láti ọjọ́ náà, ẹnìkan kò dá wẹ ọwọ́ mọ́ ní Ìdí-Obì. Bí ọkọ bá ti oko dé, aya á da omi fún un, òun náà á sì da omi fún aya. Aládùúgbò á pe aládùúgbò pé, "Wá bá mi da omi." Àwọn tó ti ń yan ara wọn lódì tilẹ̀ ní láti dẹ̀rọ̀, nítorí ebi ń pa wọ́n, omi sì nílò ẹni tí yóò dà á. Àwọn tó dùbúlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, kò sì sí ẹlòmíràn tó tún dùbúlẹ̀. Nígbà tí oṣù tuntun lé, Baálẹ̀ ṣí ọ̀nà odò. Akínkúnmi kò dúró de ọkọ̀ ojú omi, ó wẹ odò kọjá pẹ̀lú aṣọ lára, òun lẹ́ni àkọ́kọ́ tó wọ̀lú. Wọ́n da omi fún un, ó wẹ ọwọ́ méjèèjì, wọ́n sì gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Wọ́n sọ ọmọ náà ní Ìbíwùmí.

Níbi ìsọmọlórúkọ náà, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan oúnjẹ, Lálónpé dìde lójú gbogbo àlejò. Ó lọ sídìí igbá ẹ̀kọ Àwẹ̀ró, ó mú ọ̀kan, ó tú ewé rẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì mú òmíràn. Àwọn èèyàn dà gìrọ́ọ́ síbẹ̀, ẹ̀kọ kò sì kárí. Lẹ́yìn oúnjẹ ni àlejò kan láti ìsàlẹ̀ odò, níbi tí àrùn ṣì ń jà, bi Baálẹ̀ Ọláníhún pé oògùn wo ni Ìdí-Obì lò. Baálẹ̀ tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí Lálónpé àti Àwẹ̀ró ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìkòkò, tí ọ̀kan ń da omi, tí èkejì ń wẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́.

Àlejò náà gbé ohun tó rí lọ sí ìlú rẹ̀, láti ibẹ̀ ni ó sì ti dé ẹnu àwọn àgbà, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí di òní pé: ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́.